"Púlọ́ọ̀gì tútù" àbí "akóorulọ"? Orúkọ tí mo rò pé ó yẹ púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tọ́bò

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí púlọ́ọ̀gì (spark plug, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) ni pé ká pe heat range rẹ̀ ní "ìwọ̀n ìgbóná púlọ́ọ̀gì", ká sì pín púlọ́ọ̀gì sí "gbígbóná" àti "tútù". Ẹni tó mú un wá ní ìdí gidi: orúkọ náà kúrú, bí Òyìnbó sì ṣe ń pè é náà nìyẹn. Síbẹ̀ mi ò lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó ni ọkọ̀ tọ́bò (èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), tó bá fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, lè lọ ra púlọ́ọ̀gì tó máa jó ihò sí písítìn rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa dún létí. "Púlọ́ọ̀gì gbígbóná": iná tó ń ṣá le nìyẹn. "Púlọ́ọ̀gì tútù": iná rẹ̀ ò dá múṣé. Tọ́bò sì rèé, ẹ́ńjìnnì alágbára ni, nítorí náà gbígbóná ni ọkàn onítọ̀hún máa lọ sí. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló tọ́. Heat range kò kan líle iná tí púlọ́ọ̀gì ń ṣá rárá. Ohun tó ń sọ ni bí púlọ́ọ̀gì ṣe ń yára kó ooru kúrò lẹ́nu rẹ̀, níbi tó ti ń ṣáná, lọ sára tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn irin tó bo orí sílíńdà tí epo ti ń jó, tí wọ́n de púlọ́ọ̀gì mọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, tọ́ọ̀pù sílíńdà sì ni ilé púlọ́ọ̀gì. Tánganran funfun kan wà nínú púlọ́ọ̀gì tó yí irin àárín ká. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọjú sí iná inú sílíńdà. Bí apá yìí bá gùn, ọ̀nà tí ooru máa rìn kó tó kan irin ara púlọ́ọ̀gì á jìn, ooru á sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá kúrú, kíá ni ooru á ti gba ara irin náà, gba tírẹ́ẹ̀dì àti ìjókòó rẹ̀, bọ́ sí tọ́ọ̀pù sílíńdà tí omi ń mú tutù. Ìdí nìyí tí púlọ́ọ̀gì tí wọn ò dè dáadáa fi lè gbóná kọjá ààlà bí nọ́ńbà ara rẹ̀ tilẹ̀ tọ̀nà: ooru ò rí ọ̀nà jáde.

Ohun tí mo dábàá ni pé kí èyí tó ń yára kó ooru lọ, tí Òyìnbó ń pè ní tútù, máa jẹ́ púlọ́ọ̀gì akóorulọ, kí èyí tó ń dá ooru dúró, tí wọ́n ń pè ní gbígbóná, máa jẹ́ adóorudúró, kí heat range fúnra rẹ̀ di ìwọ̀n ìkóorulọ. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Amúlétutù wà, amúnáwá náà wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe la fi pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó pe amúlétutù ní "ẹ̀rọ tútù". Àwọn kan ti ní ráńdíétọ̀ náà ń kó ooru lọ, orúkọ á dàrú. Mi ò rò bẹ́ẹ̀, nítorí "púlọ́ọ̀gì" ló máa ṣáájú nígbà gbogbo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni nọ́ńbà ara púlọ́ọ̀gì tó ń sọ ìwọ̀n yìí. Lọ́wọ́ NGK, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì, 7 ń kó ooru lọ ju 6 lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́wọ́ Denso, bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ìkóorulọ ń ga. Lọ́wọ́ Bosch, ó yí padà: W5 ló ń kó ooru lọ ju W7. Bosch náà ò sì fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, torí nínú nọ́ńbà wọn àtijọ́, W225 ló ń kó ooru lọ ju W175. Bí a bá wá sọ pé "ìwọ̀n ìgbóná", òǹkàwé á gbà pé nọ́ńbà ńlá ni gbígbóná. Ìyẹn á bá Bosch òde òní mu, á sì ṣi ẹni tó ń ra NGK lọ́nà. Ṣùgbọ́n "ẹ gòkè ìpele kan nínú ìkóorulọ" ò lójú méjì: ilé-iṣẹ́ tó ṣe púlọ́ọ̀gì ló máa sọ bóyá nọ́ńbà á pọ̀ sí i tàbí á dín kù.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ tọ́bò? Tọ́bò ń fi agbára èéfín tó ń jáde ki afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo pọ̀, ooru ìjóná kọ̀ọ̀kan náà á pọ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì sì gbọ́dọ̀ wà láàárín nǹkan bí 450 sí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí kò bá tó 450, èédú tó lẹ̀ mọ́ ọn ò ní jó kúrò. Á dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì máa kọsẹ̀. Tó bá kọjá 800 dáadáa, ẹnu rẹ̀ á pọ́n bí ẹyinná, á sì dáná sí epo kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná rárá. Mo ń pe ìyẹn ní ìgbiná àìtásìkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní "nọ́ọ̀kì": nọ́ọ̀kì ń wáyé lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì ti ṣáná, nígbà tí epo tó kù bá bú fúnra rẹ̀. Èkíní lè bí èkejì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Òfin àtẹ̀lé tí NGK fún àwọn tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ni pé kí wọ́n gòkè ìpele kan nínú ìkóorulọ fún agbára ẹṣin (horsepower) 75 sí 100 tí wọ́n bá fi kún un. Ìpele kan ń yí ìgbóná ẹnu púlọ́ọ̀gì padà tó 70 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọkọ̀ tọ́bò tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún ṣe kò nílò àfikún kankan; ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kó lò, torí ẹni tó ṣe é ti ro ti tọ́bò mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju tèmi lọ, kó fi í rọ́pò nínú gbólóhùn yìí: "Bí ẹ bá jẹ́ kí tọ́bò ki afẹ́fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ra púlọ́ọ̀gì tó fi ìpele kan jẹ́ akóorulọ ju ti àtijọ́." Kó kà á fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, kó sì bi í ohun tó rò pé púlọ́ọ̀gì náà ń ṣe.