Ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ìwé láàárín 1990 sí 1994, ẹ wá sọ tiyín

Àbíkẹ́_SE15: Mo ń palẹ̀ àjà mọ́ lánàá ni mo bá rí fanzine bọ́ọ̀lù kan ti 1992. Ìwé pẹlẹbẹ tí ẹnì kan jókòó kọ nílé, tó fi fọ́tókọ́pì sọ di púpọ̀, tó fúnra rẹ̀ gún ní pin, tó sì dúró tà lójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe irú rẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bàbá Ṣeun: Ifẹ̀ ni tèmi, 1992, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Orí stencil, bébà tí wọ́n fi ìda pa, la ń kọ ọ́ sí. Wàá yẹ ríbọ́ọ̀nù táípúráítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí lẹ́tà lè gé ìda ara bébà yẹn. Tí o bá tẹ “o” kíkan jù, àárín rẹ̀ á já bọ́, ihò róbótó ló máa kù. Tí o bá ṣì í kọ, omi pupa kan wà tó ń rùn bí ọ̀dà èékánná, òun la fi ń pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ó di ká máa fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Gestetner. NEPA ì báà mú iná lọ, kò kàn wá! Ẹ̀dà 200, ojú ìwé mẹ́fà. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, íǹkì ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi.

Tọ́lá Mushin: “O” tó ń já bọ́ yẹn! Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá 😂

Ìyá Kẹ́mi: Bàbá Ṣeun, àmì ńkọ́? Táípúráítà tiwa ò ní àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà.

Bàbá Ṣeun: Bírò tí íǹkì rẹ̀ ti gbẹ ni mo fi ń gún un lórí stencil, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní rárá. Ẹnì kan kọ ìtàn pé “ọkọ mi ti dé”, ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ pé oko rẹ̀ ló dé?

Ìyá Kẹ́mi: Ẹ ṣeun gan-an. Àánú àwọn ọmọ tó ń fi fóònù kọ Yorùbá lónìí láìfi àmì kankan sí i ń ṣe mí.

Adé_Holloway: Ẹ má bínú o, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni fanzine. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan dé egungun ló ń ṣe fanzine. Èmi ta tiwa níwájú pápá Highbury, 50 pẹ́ńsì. Nígbà náà Arsenal fẹ́ wó North Bank, ibi tí a ti ń dúró wòran, kí wọ́n fi ìjókòó síbẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn san £1,000 tàbí £1,500 fún bọ́ǹdì, kó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún. Ibo ni ọmọ òṣìṣẹ́ ti fẹ́ rí i? Inú àwọn fanzine lẹ ti máa ka ìbínú wa. Ọjọ́ tí ìran parí níbẹ̀, 2 May 1992, a na Southampton ní 5-1, Ian Wright gbá mẹ́ta wọlé. Mo sunkún.

Tọ́lá Mushin: Ògiri tí wọ́n kun síwájú ibẹ̀ lẹ́yìn náà ńkọ́? Wọ́n ya èrò òǹwòran sí i, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan níbẹ̀ títí wọ́n fi tún un yà.

Adé_Holloway: A rí i! Èmi tí mo ti ń dúró síbẹ̀ láti 1986.

Àbíkẹ́_SE15: Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń bá yín kọ ọ́?

Adé_Holloway: Àwa mẹ́ta. Bébà tí a bá ṣẹ́ sí méjì, ojú ìwé mẹ́rin-mẹ́rin ló ń fún wa. Lóru ọjọ́ kan, a ka tiwa, ó jẹ́ 18. A nílò méjì sí i. Ìyàwó mi ní òun á kọ ọ́: ohun tí ojú obìnrin ń rí tó bá lọ wo bọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n kọ lẹ́tà sí jù lọ.

Ìyá Kẹ́mi: Ẹ bá mi kí wọn o!

Bàbá Ṣeun: Adé, ẹ ní tiwa kì í ṣe fanzine. Ojú ìwé ẹ̀yìn wa, fújì nìkan ni. Ọ̀rẹ́ mi fi odindi ojú ìwé kan ṣàlàyé pé Kollington ju Barrister lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Adé_Holloway: Ó dáa, mo gbà. Fanzine ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ọ̀rẹ́ yín pa.

Tọ́lá Mushin: Irọ́ báwo? Kollington ni bàbá!

Ìyá Kẹ́mi: Barrister. Ẹjọ́ ti parí.

Akọ̀wé_Ìbàdàn: Wọ́n fagi lé ìbò June 12 ní 23 June 1993, tiwa sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìsàlẹ̀ àpò gààrí la ń kó o sí. Ẹ rántí ìwé ìròyìn Tempo tó jáde nígbà tí ìjọba ológun ti TheNews pa lọ́dún yẹn? Abẹ́ aṣọ ni fẹ́ńdọ̀ ń kó o sí. Àwa ọmọdé ń wò wọ́n, à ń ṣe tiwa. Ọjọ́ tí sójà tú àpò náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró ní àárín gààrí, ìwé kù ní bí ìka méjì sí i. Títí dòní, òórùn gààrí Ìjẹ̀bú máa ń mú àyà mi já.

Tọ́lá Mushin: Ha. Ọlọ́run ṣeun.

Àbíkẹ́_SE15: Ṣé ẹ̀dà kankan ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Akọ̀wé_Ìbàdàn: Rárá. A sun gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Bàbá Ṣeun: Ọ̀kan ló kù sọ́wọ́ mi. Ìyá mi ti ya ojú ìwé Kollington, ó fi di àkàrà.

Ìyá Kẹ́mi: Màmá wa!