Mẹ́sàn-án wọlé, mẹ́rin padà wálé: níbo la ti ń ṣì í?

Tíṣà Ọ̀dẹ̀dá:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bàọ́lọ́jì. Ẹ mọ irú òbí tí wọ́n ní: àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn tó ń yan gàrí, àwọn ọlọ́kadà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ré kọjá girama rí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí àwa olùkọ́ mẹ́ta ti ń dáwó jọ. A ń ra fọ́ọ̀mù JAMB fún wọn, à ń ṣe lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, a sì ń kó wọn wá sí Abẹ́òkúta kí wọ́n lè fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ di máòsì mú.

Mẹ́sàn-án ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. A jó, a yọ̀. Mẹ́rin ti padà wálé láìparí.

Ọ̀kan sanwó tán, ó rò pé ó parí síbẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣì ní láti forúkọ àwọn kọ́ọ̀sì òun sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó jókòó ṣe ìdánwò, èsì kankan ò jáde. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ fún wa. Orí ọ̀kadà la ti rí i ní Láfẹ́nwá. Èkejì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ìkangun ìlú, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń wọ̀ lójúmọ́. Aago mẹ́jọ ni kíláàsì, mẹ́sàn-án àbọ̀ ló ń débẹ̀. Ìyá ẹ̀kẹta ṣàìsàn, ọmọ náà wá ràn án lọ́wọ́ nídìí gàrí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti di ọdún méjì. Ẹ̀kẹrin ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ rárá. Tó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á yà.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan gba 241 ní JAMB, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, sì ti fún un láyè láti kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn. Òkúta ni bàbá rẹ̀ ń fọ́. Bàbá ní kí n sọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ fún òun títí dé òpin, "kí n lè mọ iye òkúta." N ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, kí ni mi ò mọ̀?

Aláró Ìtòkú:
Tíṣà, Ọlọ́run á san án fún yín. Owó ni, ẹ má wá a síbòmíràn. Kì í ṣe owó ilé ìwé ńlá yẹn o, ìyẹn gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Owó wẹ́wẹ́ ni: owó ìwé títẹ̀, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ lọ́sẹ̀ kẹta oṣù. Ọmọ mi wà ní MAPOLY, ilé ẹ̀kọ́ pólì tó wà ní Òjéèrè. Nígbà àkọ́kọ́, mo kó owó sáà kan fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti yá ọ̀rẹ́ méjì, ó ti tán. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń fi ránṣẹ́, ì báà jẹ́ pé àdìrẹ kan ṣoṣo ni mo tà. Ìpè tí mo ń pè é lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ dùn.

Ọmọ Káǹpù:
FUNAAB ni mo ti jáde, èmi sì ni àkọ́kọ́ nílé wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù. Nílé ẹ̀kọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ń wá ọmọ. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá ẹnikẹ́ni. Ẹ wo MTS 101, ìṣirò ọdún kìíní: èrò pọ̀ débi pé ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí. Mo rò pé gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ló yé, àfi èmi. Odidi sáà kan ni mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé kọ́ọ̀sì méjì sẹ́yìn: mo kùnà, mo sì ní láti tún wọn ṣe.

Ẹni tó yọ mí ni bùrọ́dà kan ní fẹ́lóṣíìpù wa. Ó bi mí pé, "Ta ni level adviser rẹ?" N ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀; àṣé olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn ọmọ ọdún kan sọ́nà ni. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó kanlẹ̀kùn, ó tì mí wọlé, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo nǹkan yí padà láti ọjọ́ yẹn. Kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

Tíṣà, ẹ wá ẹni tó ti wà ní ọdún kejì tàbí ìkẹta nínú ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn yẹn gan-an fún ọmọ yìí, kó tó dé ibẹ̀. Kì í ṣe bùrọ́dà olówó o. Ẹni tó mọ kafẹ́ tí wọn kì í ti ṣi orúkọ kọ, tó ní ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ lọ́wọ́, tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ti pọ́tàlì, ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé. Ilé náà ńkọ́? Ẹ má fi í sí ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó jìnnà nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Kí ó bá ọmọ méjì pín yàrá kan ní Káǹpù tàbí lágbègbè Alábàtà, ó sàn ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ.

Bọ̀rọ̀kìnní Kútọ̀:
Ọdún márùn-ún fún ẹran ọ̀sìn? Ọmọ tó ti ń da ewúrẹ́ láti kékeré! Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Aláró Ìtòkú, ọdún méjì, ó ti ń jẹun. Obìnrin ni, ilé ọkọ ló ń lọ.

Aláró Ìtòkú:
Ẹ má fi orúkọ mi sí i, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó mọ̀wé ni wọ́n ń tajà fún mi dé Jámánì lórí fóònù. Èmi tí mi ò kàwé ni mo ń di ọjà.

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀:
Bọ̀rọ̀kìnní, ní 1914 tí Fúnmiláyọ̀, ẹni tó wá di Ransome-Kuti, wọ Abeokuta Grammar School, kò sí ọmọbìnrin mìíràn níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó yá, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà nínú ìlú wa yìí. À ń fi wọ́n yangàn lójoojúmọ́, ẹ ò wá fẹ́ kí ọmọ ẹni tó ń fọ́ òkúta ṣe é.

Akọ̀wé Òkè-Ìlewó:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó. Ẹ ti gbọ́ nípa NELFUND? Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ni, fún àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Wọ́n fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì ṣí pọ́tàlì rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Owó ilé ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ìwé, ọmọ ò ní rí i sójú. Èyí tó ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, tó bá béèrè fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ti sìnrú ìlú tán ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: orúkọ. Orúkọ orí NIN, ti JAMB, ti WAEC àti ti báǹkì gbọ́dọ̀ jọra. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà kan, tí olùkọ́ àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ ọ́ ní òmíràn, wàhálà ti dé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti pọ́tàlì. Kó sì ṣí àkáǹtì báǹkì kó lè ní BVN.

Àmọ́ ẹ̀yáwó yìí kò ní bá yín san gbogbo nǹkan. Ó ní láti gba ayè ìwọlé rẹ̀ lórí CAPS, ojú òpó JAMB fún ìwọlé, kó tó lè béèrè. Owó acceptance sì wà, ìyẹn owó tí ọmọ ń san fún ilé ìwé láti fi gba ayè náà. Owó àkọ́kọ́ yẹn, ọwọ́ yín ló ti máa jáde. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó owó tẹ́ ẹ dá jọ sí.

Ìyá Alájẹṣẹ́kù:
Akọ̀wé, ṣé kò ní èlé nínú? Àwa ìdílé mùsùlùmí ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ àbúrò mi kọ̀ ọ́ torí ẹ̀.

Akọ̀wé Òkè-Ìlewó:
Kò ní èlé, ìyá mi. Iye tó bá gbà ni yóò san. Ẹ sọ fún un.

Olùkọ́ Yunifásítì (orúkọ mi ò ṣe é dá):
Mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà, ó dùn mí, torí èmi náà ti rí irú ọmọ gàrí yẹn tó pọ̀. Ẹ gbọ́ o: ọmọ tí ìdílé rẹ̀ bá ní ìṣòro kò gbọ́dọ̀ kàn gbé báàgì. Kí ó kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka rẹ̀, kó ní òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan tàbí ọdún kan; deferment là ń pè é. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ààyè rẹ̀ á wà nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àìsàn ló dá a dúró lọ́jọ́ ìdánwò, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láìsọ̀rọ̀, ìwé ò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ṣàìsàn. Ohun tí ìwé mọ̀ ni pé ó ti fúnra rẹ̀ kúrò.

Àwọn ọmọ tí òbí wọn kàwé ń mọ èyí láti ilé. Wọn kò gbọ́n ju tiyín lọ. Bàbá wọn ló ń pè mí lórí fóònù.

Ẹ mú ọmọ gàrí náà wá bẹ olórí ẹ̀ka rẹ̀ wò o. Mi ò ṣèlérí, ṣùgbọ́n ẹ mú un wá.

Mo Ń Fọwọ́ Kàwé:
Èmi ò ríran, ọ̀pá funfun ni mo fi ń rìn. Ẹ jọ̀ọ́, tí irú wa bá wà nínú kíláàsì yín, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn nítorí kọ̀ǹpútà. Láti 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú, JEOG lorúkọ rẹ̀. Ó di kí olùkọ́ mọ̀ kó tó sọ fún wa. Tèmi ò mọ̀, mo pàdánù ọdún kan.

Tíṣà Ọ̀dẹ̀dá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Akọ̀wé, mo yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ àárín ọmọbìnrin náà lórí NIN fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti WAEC. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ni, a kò ní mọ̀. Olùkọ́, mo lọ sílé ọmọ gàrí lálẹ́ àná. Ìyá rẹ̀ ti gbádùn láti ọdún tó kọjá. Ọmọ náà ní òun rò pé wọ́n ti lé òun, kò sì sẹ́ni tóun máa bi.

Bọ̀rọ̀kìnní, mo ti ka tiyín náà.

Mo ti dá bàbá olókùúta lóhùn. Mo ní mi ò mọ iye gbogbo òkúta, àmọ́ mo mọ ti oṣù yìí, mo sì kà á fún un. Ó ní ìyẹn tó òun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ fẹ́ lọ fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n ní Alábàtà. Mo ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, n ò lè tẹ̀ lé e. Ta ni yóò wà ládùúgbò?

Ọmọ Káǹpù:
Èmi. Àbúrò mi obìnrin wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka yẹn, máa mú un dání. Kó bọ́ sílẹ̀ ní Káǹpù, kó má wọ ọ̀kadà o, aago méje ààbọ̀. Kí ló máa wọ̀ ká lè mọ̀ ọ́n?

Tíṣà Ọ̀dẹ̀dá:
Àdìrẹ. Aláró Ìtòkú ló fún un.