Ṣé Yorùbá ni àwọn Krio Freetown ni? Àṣà wọn mà jọ tiwa o

Adeola_London: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Krio ni, Freetown ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọ́n wá ní tó bá di ogójì ọjọ́ àwọn máa se àwùjọ, ìyẹn àsè ìrántí òkú, wọ́n máa dín àkàrà, wọ́n máa da obì, gbogbo ẹbí ló sì máa wọ aṣọ ẹbí. Mo ní "ah, Yorùbá mà ni yín!", ó ní rárá o, Krio lòun. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni nǹkan wa ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, kí sì ni mo máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

Baba_Egba: Àbúrò, òótọ́ ló sọ fún ẹ. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira tó wá láti Nova Scotia ní Kánádà ní 1792 àtàwọn Maroon, ìyẹn ìran àwọn ẹrú tó sá gba òmìnira, tó wá láti Jàmáíkà ní 1800 ti wà ní Freetown ṣáájú àwọn èèyàn wa. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807 ni ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí wọ́n ń kó lọ lórí òkun, Freetown ni wọ́n ń já wọn sí, ogun tó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ló sì jẹ́ kí tiwa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Aku ni wọ́n ń pè wọ́n. Àjàyí Crowther, 1821 ni wọ́n mú un l'Óṣogùn, 1822 ló gúnlẹ̀ sí Freetown. Láti nǹkan bí 1839 làwọn kan ti ń padà wálé, àwọn la mọ̀ sí Sàró l'Ábẹ́òkúta àti l'Ékòó, àwọn tó dúró wá ń fẹ́ ara wọn, Yorùbá, Ìgbò, Kóńgò, Maroon, títí wọ́n fi di èèyàn kan náà. Krio nìyẹn, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.

IyaIbeji_Saro: Mo gbé Freetown dáadáa. Adéọlá, ìwọ múra oúnjẹ ni o! Ẹ̀wà, àkàrà, dòdò. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni tó jẹ ẹ́ wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sí àgbàlá, àgbà ilé á bá àwọn òkú sọ̀rọ̀, á ju obì tí wọ́n ti là, tó bá ti yàn, inú gbogbo ilé á dùn, wọ́n á wá bu oúnjẹ àti omi sínú ihò yẹn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi sì ni wọ́n o, wọn ò rí i pé ó ta ko ìgbàgbọ́ wọn. Sátidé ni ọjọ́ fùfú àti plasas, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ elépo, ẹ̀gúsí lè wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdána lo bá pàdé, ẹbí ọkọ á ní òdòdó róòsì làwọn rí nínú ọgbà ilé yìí, wọ́n á kọ́kọ́ mú ìyá arúgbó jáde, wọ́n á tún mú ẹlòmíì, ẹ̀rín á sọ, kí ìyàwó gan-an tó yọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ jù!

Onilu_Mushin: Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi orin sílẹ̀ kẹ̀. Gumbe kì í ṣe tiwa, àwọn Maroon ló gbé e wá láti Jàmáíkà: ìlù onígun mẹ́rin tó lẹ́sẹ̀ bí àpótí ìjókòó, onílù á jókòó lé e, á máa fọwọ́ lù ú, á máa fi gìgísẹ̀ tẹ awọ kí ohùn ẹ̀ lè máa yí padà. Wọ́n á tún máa fi ọ̀bẹ họ ayùn káfíńtà sí i. Àwọn Gã ní Gánà náà ń lù ú, gome ni wọ́n ń pè é. Dr. Oloh, olórin Sierra Leone tó fi agolo Milo ṣe ohun èlò orin, inú gumbe ni orin tiẹ̀ ti jáde. Adéọlá wá a gbọ́ kó o tó lọ.

Adeola_London: Ẹ ṣé gan-an ni! Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ńkọ́?

Baba_Egba: Oku ni wọ́n ń pe àwọn yẹn, àdúgbò Fourah Bay àti Foulah Town ní Freetown ni wọ́n pọ̀ sí, orúkọ Yorùbá ṣì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ojẹ́ wà níbẹ̀, egúngún ni, ẹgbẹ́ ọdẹ náà sì wà, tìlù taṣọ ọdẹ ni wọ́n fi ń jáde lọ́jọ́ ọlidé.