Gbajúmọ̀ wo ni kí ó darí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, ìwé wo ni kí a sì fún un?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń rò lọ́kàn, èyí tí gbajúmọ̀ kan yóò máa darí lóṣooṣù. Fún Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Wọlé Ṣóyínká ló wù mí, nítorí òun ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní kí Túndé Kèlání, tó sọ Ó Le Kú di fíìmù, darí ìjíròrò lórí ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ fíìmù ni a ó máa sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá yóò sì wà ní pípadé lórí itan wa. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìwé tó bá iṣẹ́ àlejò tan ni kí a yàn, àbí èyí tó ṣàjèjì sí i?