Galaxy A55 tó ní ilé káàdì àbí Galaxy A56 tí kò ní: èwo ni kí n mú?

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, mo sì máa ń lo àkókò ìsinmi láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Mo ń gba oríkì orílẹ̀, ìjálá àti ẹkún ìyàwó, nígbà mìíràn ó sì lè jẹ́ ìtàn ìdílé kan ṣoṣo tí bàbá arúgbó ń sọ lábẹ́ igi láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa kan àtàrí. Fóònù tí mo fi ń ṣe é ti gbó. Ọmọ mi tó wà ní Manchester ti ṣèlérí pé òun yóò ra tuntun, òun yóò sì mú un bọ̀ ní Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé bí òun bá ti gbé e wọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ à ń dá a padà fún ẹni tó tà á ti tán.

Méjì ni mo ṣà sọ́tọ̀, Samsung sì ni àwọn méjèèjì. Galaxy A55 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, A56 sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Gíláàsì ló wà níwájú àti lẹ́yìn àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi yí etí wọn ká, bátìrì 5000 mAh ni wọ́n jọ ń lò, wọ́n sì jọ ní ààbò IP67 lọ́wọ́ omi àti eruku. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé A55 nípọn tó mìlímítà 8.2, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 213, nígbà tí A56 jẹ́ mìlímítà 7.4 àti gíráàmù 198. Wátì 25 ni A55 fi ń gba iná, ti A56 sì jẹ́ 45, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó jẹ́ pé wákàtí kan péré ni iná fi máa ń wá ní àdúgbò rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé wọ́n ti yọ ilé káàdì, ihò tí a ti ń ki káàdì ìpamọ́ (microSD) láti fi kún ààyè fóònù, kúrò lára A56. Bí ó bá jẹ́ 128 GB ni ọmọ mi rà, tàbí 256 GB, ibẹ̀ náà ni ààyè ìpamọ́ rẹ̀ yóò dúró sí títí láé.

Mo ti fọwọ́ kan A56 ní ìsọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó dùn ún dì mú, n kò ní parọ́. Síbẹ̀, káàdì ni mo fi ń kó ẹrù mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti gba fóònù tí kò ní in. Síìmù méjì ni mò ń lò, nítorí pé ibi tí MTN bá ti dákẹ́ lọ́hùn-ún, Airtel lè máa fọhùn níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á rò.

Atúnfóònùṣe

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gbólóhùn tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ yín ti yí ìbéèrè náà padà, ó sì jọ pé ẹ kò fura. Ilé kan náà ni síìmù kejì àti káàdì jọ ń gbé nínú A55. Bí ẹ bá ki káàdì sí i, síìmù kejì di aláìnílé, bí ẹ bá sì ki síìmù kejì sí i, káàdì yóò wà nínú àpò yín. Ilé káàdì tí ẹ tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn A55 yìí, ẹ lè má rí i lò fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà, ìyẹn ni eSIM, síìmù tí kò ṣe é fọwọ́ mú, tí wọ́n máa ń fi kóòdù gbé wọ inú fóònù. MTN àti Airtel ti ń ṣe é ní Nàìjíríà. Bí A55 tí ọmọ yín fẹ́ rà bá gbà á, ẹ lè ki síìmù kan àti káàdì sí i, kí nọ́ńbà kejì sì jẹ́ eSIM. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀rọ̀ náà dé Ìgbòho kí ẹ tó yọ̀. Bí fóònù bá já bọ́ tí ojú rẹ̀ fọ́, síìmù gidi ṣe é yọ sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì lè pe onímọ́tò tí yóò wá gbé yín. eSIM yóò há sínú òkú fóònù náà títí ẹ ó fi dé ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ti ìrísí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé nítorí kí fóònù lè fẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe yọ ilé káàdì. Káàdì microSD kò ju mìlímítà 15 ní gígùn, 11 ní fífẹ̀ àti 1 ní ìnípọn lọ. Ẹ wo Galaxy A26 tó jáde lóṣù kan náà pẹ̀lú A56. Bátìrì 5000 mAh ló ní, wọ́n fi ilé káàdì sílẹ̀ fún un, síbẹ̀ mìlímítà 7.7 ni ìnípọn rẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́ ju A55 lọ. Lójú tèmi, ọgbọ́n ọjà ni. Ẹni tí kò bá ní ilé káàdì ni yóò sanwó kún owó láti gba 256 GB.

Ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyàwó gbígbé àti ìsìnkú ni mò ń gba fídíò wọn, nítorí náà mo mọ bí ààyè ṣe ń tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, nítorí pé ohùn àti fídíò kì í ṣe ẹrù kan náà.

Bí ẹ bá gba ohùn nìkan, tí ẹ gbà á ní WAV, irú fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, tó já gaara, wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi 635 MB. Bí ẹ bá fún un pọ̀ sí m4a, irú fáìlì tó kéré, ní 128 kbps, kò ní ju 58 MB lọ. Ìyẹn ni pé fóònù 128 GB lè gba ohùn odidi ìlú kan kó má tíì kún. Fídíò ló ń jẹ ààyè bí eéṣú. Ní 1080p, bí fóònù bá ń kọ 17 Mb (mẹ́gábíìtì; mẹ́jọ rẹ̀ ló wà nínú MB kan) sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan yóò gba 7.6 GB. Ní 4K, tó já gaara ju ìyẹn lọ, bí ó bá ń kọ 48 Mb, wákàtí kan ti ń lọ sí 21.6 GB. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ti gba ju 20 GB lọ kí ẹ tó tan fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́, àti pé àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé yóò gba tiwọn. Bí ó bá ṣẹ́ ku 90 GB nínú 128, wákàtí 4 péré ni fídíò 4K tó lè wọ ibẹ̀. Èyí tí ẹ bá mú nínú àwọn méjèèjì, kò gbọdọ̀ dín ní 256 GB.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò ni pé káàdì kò lè gba gbogbo ẹrù fóònù. Kámẹ́rà Samsung gbà pé kí a darí fídíò sórí káàdì, ṣùgbọ́n ìpamọ́ inú fóònù ni WhatsApp ń kó tirẹ̀ sí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè rọ̀ ọ́. Káàdì kì í yára pẹ̀lú: UHS-I, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, kò lè kọjá 104 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpamọ́ tó wà nínú fóònù òde òní sì lè fi ìlọ́po mẹ́wàá yá jù ú lọ. Bákan náà, Samsung ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún ọdún 5 lórí A55, ọdún 6 ni ti A56. Ọdún 2029 ni ti àkọ́kọ́ yóò parí, ti èkejì á dé 2031. Fún olùkọ́ tí kì í pààrọ̀ fóònù lọ́dọọdún, ọdún méjì yẹn ní ìtumọ̀.

Bàbá Oníkáàdì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì kan ibi tó ń dùn mí. Ìyára kọ́ ni mo ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn káàdì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó. Bí fóònù bá kú, káàdì ṣe é yọ. Fóònù mi kan bọ́ sínú kànga lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n yọ ọ́, kò tàn mọ́, ṣùgbọ́n mo nu káàdì rẹ̀, mo ki í sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo àwòrán ìkómọ ọmọ-ọmọ mi sì wà níbẹ̀. Ká ní inú fóònù ni wọ́n wà, wọ́n ti bá a lọ nìyẹn, nítorí pé fóònù òde òní ti ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ pa, ọkàn fóònù náà fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì wà.

Kì í sì ṣe òní ni wọ́n ti ń gba ilé káàdì lọ́wọ́ wa. Wọ́n yọ ọ́ lára Galaxy S6 ní 2015, wọ́n dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa tí bátìrì kò fi ṣe é yọ mọ́, ààbò omi tí S5 ní pẹ̀lú kò sí lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nítorí kí gíláàsì àti irin lè máa dán. Àwọn oníbàárà pariwo. Ní 2016, ilé káàdì àti ààbò omi padà sára S7. Ṣùgbọ́n nígbà tó di S21 ní 2021, wọ́n tún yọ ilé káàdì, láti ìgbà náà wọn kò bojú wẹ̀yìn lórí àwọn S. Bí mo bá jẹ́ yín, olùkọ́, A55 ni mo máa mú, màá sì gba eSIM.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá, ọ̀rọ̀ kànga yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n káàdì náà ni ó ṣe mí ní ohun tí n kò lè gbàgbé. Ní ọdún tó kọjá, ìyá arúgbó kan ní Ìgbẹ́tì jókòó tì mí, ó sun ẹkún ìyàwó fún nǹkan bíi wákàtí méjì, orí káàdì tuntun tí wọ́n kọ 128 GB sí lára ni mo sì gbà á sí. Mo rí fáìlì náà, mo rí orúkọ rẹ̀, mo rí bí ó ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, kò ṣí. Mo gbé e fún ènìyàn mẹ́ta, kò ṣí. Ìyá náà ti di ará ọ̀run báyìí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an, n kò kàn kọ́kọ́ mọ bí mo ṣe máa béèrè rẹ̀ ni: níbo ni kí ohùn àwọn àgbà wọ̀nyí máa wà ní alẹ́ ọjọ́ tí mo bá gbà á, kí n tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí kọ̀ǹpútà?

Atúnfóònùṣe

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ ayédèrú káàdì. Ààyè tó wà nínú rẹ̀ lè má ju 16 GB lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ láti máa purọ́ fún fóònù pé 128 ni òun. Bí ààyè gidi bá tán, yóò máa gba fáìlì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, orúkọ yóò hàn, ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò sì ní sí níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ra káàdì tàbí fláàṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí èyí tó ń jẹ́ F3 lórí Linux, kó kọ nǹkan kún un pátápátá kó sì kà á padà kó tó gbé ohun gidi sí i.

Ní ti ìbéèrè yín, ẹ máa gba gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, nítorí pé ìpamọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé jù nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ní alẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ ki fláàṣì tó ní ẹnu USB-C sí ẹnu ibi tí ẹ ti ń gba iná, kí ẹ sì da gbogbo ohun tí ẹ gbà lọ́jọ́ náà kọ sórí rẹ̀ láìpa ti inú fóònù rẹ́. Fóònù nínú àpò yín, fláàṣì nínú àpótí yín: bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì wà. USB 2.0, irú tí kò yára, ni ẹnu A55 àti A56, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta SSD (ìpamọ́ àgbékiri tó yára) olówó gọbọi fún yín torí ìyára. Fídíò 21 GB yóò gba bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì ti wẹ̀ tán kó tó parí. Ẹ rí i pé ọ̀nà ìtòfáìlì tí wọ́n ń pè ní exFAT ni wọ́n fi ṣètò fláàṣì náà, kì í ṣe FAT32, torí pé FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá lé ní 4 GB.

Bí ẹ bá ń ṣe èyí, ohun tí Bàbá ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ káàdì ti wà lọ́wọ́ yín, síìmù méjèèjì yóò sì wà nínú fóònù.

Bàbá Oníkáàdì

Bí ó bá jẹ́ alaalẹ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n alẹ́ tí oorun bá gbé olùkọ́ lọ kó tó ki fláàṣì ńkọ́? Káàdì kì í sùn.

Olùkọ́ Òkè-Ògùn

Bàbá, oorun á gbé mi lọ lóòótọ́, ẹ mọ̀ mí bí ẹni tó bí mi. Ìyàwó mi ti gbà láti máa pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó sì bi mí léèrè.

Mo ti ránṣẹ́ sí Manchester: A56, 256 GB, èyí tó ń gba síìmù gidi méjì, àti fláàṣì USB-C méjì tí òun yóò ti dán wò lọ́hùn-ún. Ó fèsì pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́, nítorí pé gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ dára púpọ̀. Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú, kó sì ra rọ́bà dúdú tó nípọn tí yóò bò ó láti etí dé etí.