Ìdáhùn: Títì yàtọ̀ sí pípa, lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹni tó ń ṣí láti Windows lọ sí Mac

Ẹ̀yin ará mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Mo ti fara balẹ̀ ka gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀lé ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa gbé kalẹ̀, pé kí ni a ó máa pè é ní Yorùbá bí ẹnì kan bá fi kọ̀ǹpútà Windows sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo Mac, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Apple. Ìbéèrè náà bọ́ sí àsìkò, nítorí pé láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí Microsoft tó ni Windows ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè gba Windows 11 ní láti pinnu ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ti dábàá: ìyípadà, ìpààrọ̀ àti ìkólọ. N kò lè fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tó bá yí padà, òun fúnra rẹ̀ ló di nǹkan mìíràn: omi a yí padà di yìnyín, ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀ a yí padà. Ẹni tó ra Mac kò di ẹlòmíràn, Windows rẹ̀ kò sì di Mac. Ìpààrọ̀ sàn jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe pààrọ̀ ti yọ̀ǹda ohun kan kó tó gba òmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ sábà máa ń wà nílé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí tuntun bá dé. Ní ti ìkólọ, ó ń mú ọkàn lọ sí ohun tí a fi agbára gbé: olè ní ń kó ẹrù lọ, ogun ní ń kó ènìyàn lọ sí ìgbèkùn. Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá ni ìṣílọ. Ẹni tó ṣí lọ sí ìlú mìíràn kò pàdánù ara rẹ̀, ó lè padà wá wo ilé àná, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́ ojú ọ̀nà tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà. Àpèjúwe ìgbésẹ̀ náà gan-an nìyẹn. Kí a sì fi kó sílẹ̀ fún fáìlì, nítorí pé ẹrù ni fáìlì jẹ́: ènìyàn ni yóò ṣí lọ, fáìlì ni yóò kó dání.

Lórí ìmọ̀ràn pé kí a máa pe Windows ní Fèrèsé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, mo bẹ̀ yín, kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọjà ni Windows, bẹ́ẹ̀ fèrèsé jẹ́ orúkọ ohun tí à ń ṣí sójú kọ̀ǹpútà, Mac sì ní in gẹ́gẹ́ bí Windows ti ní in. Kódà Mac ti ń fi fèrèsé ṣiṣẹ́ láti ọdún 1984, ọdún kan kí Windows àkọ́kọ́ tó jáde. Bí a bá gba ìmọ̀ràn yìí, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “mo ti fi Fèrèsé sílẹ̀” yóò ní láti ṣàlàyé bóyá ẹ̀rọ ni ó fi sílẹ̀ ni tàbí ojú ìwé kan tó gbàgbé láti tì. Máàkì tí ẹlòmíràn fẹ́ kí a máa kọ dípò Mac náà kò wúlò, nítorí pé máàkì ni ọmọ ilé ìwé ń gbà nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí orúkọ méjèèjì wà bí wọ́n ṣe wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù lọ lójú mi ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí a jọ ń tún ṣe, pa nìkan ni a kọ síwájú ohun méjì: kí ènìyàn mú fèrèsé kúrò lójú, àti kí ó dá áàpù, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, dúró pátápátá. Àṣìṣe yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹni tó ń lo Windows, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, bí ó bá ti tẹ àmì tó wà ní igun apá ọ̀tún lókè fèrèsé tó kẹ́yìn, áàpù náà a bá fèrèsé rẹ̀ lọ. Lórí Mac, kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì pupa tó wà ní igun apá òsì a máa mú fèrèsé kúrò, ṣùgbọ́n áàpù fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè. Orúkọ rẹ̀ wà lókè ojú kọ̀ǹpútà, àmì tóótóó kan sì wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀ nísàlẹ̀, títí ènìyàn yóò fi tẹ bọ́tìnì Command pẹ̀lú Q lórí àtẹ ìkọ̀wé. Áàpù díẹ̀ wà tó máa ń bá fèrèsé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣí lọ sí Mac, èmi ni mo ń tọ́ wọn sọ́nà lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n pa áàpù kan, kí wọ́n sì tún un ṣí, kí àtúnṣe tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lè múlẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ti pa á, àbúrò, mo sì ti tún un ṣí.” Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni a ṣe é, àtúnṣe náà kò sì múlẹ̀, nítorí pé áàpù náà kò kú rí. Wọ́n ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sọ ọ́ ni kò péye.

Èdè wa sì ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni à ń tì. Iná àti rédíò ni à ń pa. Bí a bá ti fèrèsé yàrá, iná inú yàrá kò tìtorí rẹ̀ kú. Ẹ ò rí i pé ohun tí Mac ń ṣe gan-an nìyẹn, tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò sì nílò àlàyé gígùn kó tó yé e? Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò rán mi létí pé a máa ń sọ pé “pa ilẹ̀kùn dé”. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dé ló gbé ìtumọ̀ náà dúró. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn. Ẹlòmíràn lè sọ pé tì tún túmọ̀ sí kí a fi kọ́kọ́rọ́ sé nǹkan, àti pé kọ̀ǹpútà náà ní irú ìsé bẹ́ẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a máa sọ ọ́ tán: fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Pa ṣì ní ẹbí mìíràn tó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Àtòjọ wa ní “pa fáìlì mọ́” fún ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ má ṣègbé, ó sì ní “pa fáìlì rẹ́” fún ẹni tó fẹ́ kí ó ṣègbé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà láàárín ìgbàlà àti ìparun! Lórí ìwé, ojú lè rí ìyàtọ̀ náà. Lórí fóònù tí ohùn rẹ̀ ń já, ẹ̀rù a máa bà mí láti sọ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn kan ti ní kí a lo “fi pamọ́” dípò “pa mọ́”, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò bá Mac mu, nítorí pé ẹ̀rọ yìí ní Command pẹ̀lú H, tó ń mú gbogbo fèrèsé áàpù kan kúrò lójú láì tì wọ́n. Fífi pamọ́ gidi nìyẹn, kò sì yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a máa tọ́jú fáìlì, kí a máa fi fèrèsé pamọ́, kí a máa ti fèrèsé, kí a máa pa áàpù, kí a sì máa sọ fáìlì tí a kò fẹ́ mọ́ nù.

Èyí tó kàn ni ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, tí a ń to àwòrán àwọn áàpù sí. Windows ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1995, ti Mac tí a mọ̀ sí Dock sì dé láti ọdún 2001. Ẹni tó dábàá èbúté fún ti Mac, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé, kò wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí a to nǹkan sí kí ọwọ́ lè tètè tó o ni pẹpẹ, ọ̀rọ̀ kan náà yóò sì sin ẹ̀rọ méjèèjì, tí ẹni tó ṣí lọ kò fi ní kọ́ orúkọ tuntun fún ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀. Agbọ̀n ìdalẹ̀nù, fún ibi tí fáìlì tí a sọ nù ń lọ, náà tó fún méjèèjì. Ààtàn tí ẹnì kan mú wá le jù, nítorí pé fáìlì tó wà níbẹ̀ ṣì lè padà bọ̀.

Lórí bọ́tìnì àtẹ ìkọ̀wé, èrò mi yàtọ̀, ó sì lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ni pé kí Command di Àṣẹ, kí Control di Àkóso, kí Option di Àṣàyàn. Ìtumọ̀ wọn dára, ṣùgbọ́n ohun tí a tẹ̀ sórí bọ́tìnì ni ojú akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá. Ìṣòro tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: Ctrl pẹ̀lú C tó ń ṣe àdàkọ lórí Windows ti di Command pẹ̀lú C lórí Mac, bẹ́ẹ̀ Mac tún ní Control tirẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí dé yóò máa lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára. Bí a bá tún fi orúkọ kẹta kún un, a ti dá kún ìdààmú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe bọ́tìnì ní orúkọ tó wà lára rẹ̀, kí a sì fi Yorùbá júwe àwòrán rẹ̀. Àmì olójú mẹ́rin tó wà lára Command, Susan Kare tó ya àwòrán fún Mac àkọ́kọ́ ló mú un lára àmì tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ibi àbẹ̀wò ní Sweden. “Bọ́tìnì olójú mẹ́rin” yóò yé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Option ni mo fẹ́ kí a fún ní àfiyèsí jù, nítorí ìkọ̀wé wa. Bí ènìyàn bá yan àtẹ ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní ABC Extended nínú ètò Mac, Option pẹ̀lú e ni yóò fi àmì ohùn òkè sórí fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ lé e, Option pẹ̀lú x ni yóò sì fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Mo fẹ́ kí gbólóhùn kan nípa èyí wà nínú àtòjọ wa, níwájú ohunkóhun mìíràn tí a bá sọ nípa bọ́tìnì náà.

Bí ẹ bá gba tì, pa, tọ́jú, fi pamọ́ àti sọ nù bí mo ṣe pín wọn, n ó tún abala náà kọ, n ó sì fi ránṣẹ́ síhìn-ín kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Fún yíyí ojú ìwé lọ sókè sódò, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Fà ni mo ń lò báyìí, torí pé láti ọdún 2011 ni Mac ti ń jẹ́ kí ìwé tẹ̀ lé ìka bí ẹni ń fa aṣọ lórí tábìlì; ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sí wa.