Ó ti yanjú: apt tó kọ̀ láti fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà mi

Ẹ kú àdúrótì o. Ìṣòro tí mo gbé wá, pé ìmúdójúìwọ̀n dúró lágbede méjì tí apt (irinṣẹ́ tí Ubuntu àti Debian fi ń gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà) ò sì gba nǹkan kan mọ́, ti yanjú pátápátá.

Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ `sudo dpkg --configure -a` (àṣẹ tó ń parí ètò tí ìfisórí rẹ̀ dúró lágbede méjì), ìdí initramfs (fáìlì tí Linux fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà) ló ti ń kú. Àṣé /boot, ibi tí àwọn fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ń gbé, ló kún fọ́fọ́! `df -h /boot` gbé 100% síwájú mi gbangba. Mo fi `uname -r` wo kernel (ọkàn Linux) tí mò ń lò, kí n má baà ṣèèṣì pa fáìlì initramfs tirẹ̀ rẹ́ (ẹ má fo ibí yìí o), lẹ́yìn náà ni mo pa initrd.img (fáìlì initramfs) àtijọ́ méjì rẹ́. Mo tún dpkg tẹ̀, ó parí wọ́ọ́rọ́wọ́. `sudo apt --fix-broken install` tún ìyókù ṣe, `sudo apt autoremove` kó àwọn kernel àtijọ́ dànù.

Ẹni tó ní kí n wo àyè tó kù lórí dísìkì, ẹ ṣeun gan-an ni.